Ṣéènì Góòlù Inú Àpótí Caleb

Àárọ̀ ọjọ́ tí Olúwọlé pinnu pé òun máa lọ jẹ́wọ́ irọ́ tóun pa mọ́ Caleb, àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n rí góòlù náà nínú àpótí Caleb.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó yẹ kó dùn yín bó ṣe dùn ún. Ọmọkùnrin náà jí, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹni tó ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ, ó gun ọ̀kadà zémi láti àdúgbò Djidjolé ní Lomé. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń há ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni mo pa. Ẹnikẹ́ni ò tì mí." Ó wí i títí ọlọ́kadà fi bojú wẹ̀yìn bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ó la ẹnu. Ni ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá fò dìde, ó gbá a mọ́ra.

"Félicitations, mon frère! A ti rí i! Inú àpótí olè yẹn ló wà!"

Ẹnu Olúwọlé ṣì là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti há sórí yí padà, ó gba ọ̀nà ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sí i níkùn bí ẹ̀bà tó sùn. Òun tó gbé irọ́ náà kalẹ̀ ló mọ̀ pé irọ́ ni. Caleb kò tì í. Caleb kò fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Báwo wá ni irọ́ ṣe bí òtítọ́?

Ohun tó sì tì í lójú jù lọ ni pé ayọ̀ ló kọ́kọ́ mú un.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Olúwọlé, èdè Faransé ló ń kọ́ nílé ìwé gíga ní Nàìjíríà, wọ́n sì ní kó wá lo ọdún kan ní Lomé kí ahọ́n rẹ̀ lè là. Ilé Alhaji Àdìgún ló dé sí, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́jà Lomé kí wọ́n tó bí Olúwọlé rárá. Lọ́sẹ̀ yẹn, Madame Agnès, olùkọ́ wọn, kó gbogbo kíláàsì lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan láàárín ìlú. Ó ní kí kálukú máa rìn kiri inú ọgbà ní òun nìkan, kó wo igi, kó wo èèyàn, kó sì bá àjèjì sọ Faransé. Priscilla, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bọ́ ṣéènì ọrùn rẹ̀ fún un. Ìkọ́ ṣéènì náà ti bàjẹ́, aṣọ Priscilla kò lápò, góòlù màmá rẹ̀ sì ni.

"Wọlé, bá mi fi í sápò àyà. Tó bá sọnù, màmá mi á sin mí lẹ́yìn tó bá pa mí."

Nígbà tí wọ́n fi pàdé lẹ́nu géètì, ẹrẹ̀ ti kun ṣẹ́ẹ̀tì Olúwọlé látọrùn dé ìdodo, àpò àyà sì ṣófo. Priscilla figbe ta. Ẹnu Olúwọlé, láì fi ọ̀rọ̀ lọ orí, bá dáhùn pé: "Oníkámẹ́rà yẹn ló tì mí ṣubú! Òun ló mú un!"

Oníkámẹ́rà náà ni Caleb, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé, tó máa ń ya àwọn tọkọtaya tuntun àti àwọn ọmọdé nínú ọgbà. Ó ní ère onírọ́bà kan tó tóbi bí èèyàn, Tonton lorúkọ rẹ̀. Agbádá funfun ló máa ń wọ̀ fún un, á dé e ní fìlà, á gbé e jókòó sórí àga lábẹ́ igi kí àwọn èèyàn lè jókòó tì í ya fọ́tò bí ẹni tó lọ kí ọba. Wọ́n bi Àpèkẹ́ alágbọn, tó ń tajà nítòsí igi náà, ohun tó rí. Ó ní: "Ọmọ yẹn wà nílẹ̀, Caleb dúró lé e lórí, ó na ọwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀bọ." Ó tán. Lọ́jọ́ kejì, bí Caleb ṣe dé ọgbà, wọ́n gbé e. Ní àárọ̀ tí Olúwọlé wá jẹ́wọ́ yìí, tó bá fi di ọ̀la tí ọ̀rọ̀ kò yí padà, wọ́n á gbé e lọ síwájú adájọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti gbé e sọ sẹ́wọ̀n.

"Ìwọ tó ń dá rẹ́rìn-ín yẹn, wọlé wá."

Olúwọlé fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó pè é ni Fàdílátù, ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọmọ àwọn oníṣòwò Yorùbá ni òun náà, Lomé ni wọ́n bí i sí. Èbúté ló ti ṣiṣẹ́ kó tó dé àgọ́ yìí, àwọn awakọ̀ tírélà ibẹ̀ sì máa ń sọ pé tí Fàdílátù bá wo kọ̀ǹtẹ́nà, kọ̀ǹtẹ́nà á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì. Ó ní bàtà kì í jẹ́ kí òun ronú. Ọ̀rá méjì ló wà níwájú rẹ̀: agbádá Tonton wà nínú ọ̀kan, ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rẹ̀ Olúwọlé, tí ìyàwó Alhaji fi ránṣẹ́ láìfọ̀, wà nínú èkejì.

"Bon. Ṣé inú rẹ dùn?"

"Ó dùn mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kú làálàá mà."

"Ó yẹ kó dùn. Kí lo wá lọ ṣe lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù ní Djidjolé lánàá?"

Olúwọlé wo ògiri. Ògiri kò ràn án lọ́wọ́. Lóòótọ́ ló lọ, ó fẹ́ mọ iye tí ṣéènì tó jọ ti Priscilla jẹ́, iye tí wọ́n pè sì gbá a létí, ó sá jáde. Ó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun.

"Mo... mo kàn ń rìn kiri ni, mà. Madame Agnès ní ká máa rìn kiri."

"Madame Agnès kú iṣẹ́. Gbọ́. Ẹni tí wọ́n jà lólè, tí olè sì ti wà látìmọ́lé, á jókòó de ẹrù rẹ̀ ni. Ìwọ lọ ń wá èyí tó jọ ọ́. Kí ló dé? O mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ Caleb."

"Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lẹ ti rí i, mà!"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ohun tó jẹ́ kí n bọ́ bàtà nìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún Caleb pé a rí i nínú àpótí rẹ̀, ẹnu yà á tó bẹ́ẹ̀ tó jókòó sílẹ̀. Olè tó ń ṣe bí ẹni pé ẹnu ya òun, mo ti rí wọn rẹpẹtẹ. Ìwọ náà dé, wọ́n sọ fún ọ, ẹnu yà ọ́ ju olè lọ. Ẹni tí wọ́n jà lólè, tí ẹnu wá yà pé wọ́n bá ẹrù òun lọ́wọ́ olè, èmi Fàdílátù, ìwọ ni àkọ́kọ́ tí mo rí."

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára Olúwọlé. Ọ̀rọ̀ tó há sórí tún gbérí wá sí ọ̀fun. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó tó lè jẹ́wọ́ irọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sì ni ìtìjú tó fi irọ́ bò. Ó gbé e mì padà.

"Ibo ló ti tì ọ́?"

"Láti ẹ̀yìn, mà."

"Dìde."

Ó mú un bọ́ sí àgbàlá, ó sì pe ọlọ́pàá kan tí èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. "Tì í."

Kí Olúwọlé tó sọ pé "ẹ jọ̀ọ́", ó ti wà nílẹ̀. Fàdílátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Na ọwọ́. Ṣé o rí i? Erùpẹ̀ wà látẹ́lẹwọ́, ó wà lórúnkún. Àyà rẹ ńkọ́? Ó mọ́ tónítóní." Ó na ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rẹ̀ náà sókè. "Èyí, àyà àti ikùn ló kún. Kò sí ẹrẹ̀ lọ́wọ́ rẹ tàbí lórúnkún ṣòkòtò rẹ lọ́jọ́ náà, mo ti bi Priscilla. Ẹni tí wọ́n bá tì á fi ọwọ́ gba ilẹ̀. Ìwọ fi àyà gbà á. Irú ìṣubú wo nìyẹn?"

"Ilẹ̀ ń yọ̀ mà."

"Hẹn-ẹn. Caleb náà ní ìtàn tirẹ̀ o. Nígbà tó sọ ọ́, àwọn ọlọ́pàá mi rẹ́rìn-ín débi pé wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ fi àwọn ṣẹ̀sín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín." Ó wò ó títí. "Tonton, ère Caleb. Ṣé o rí i lọ́jọ́ náà?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o! Mi ò dé ìdí igi yẹn rárá. Mi ò rí i rí láyé mi!"

"Ó dáa. Ní èbúté, kọ̀ǹtẹ́nà tó bá ti yára sọ pé òun ò gbé nǹkan kan ni mo máa ń ṣí. Jẹ́ ká lọ sí ọgbà."

Ọ̀sán pọ́n nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Priscilla ti ń dúró, ó sì sáré wá dì mọ́ Olúwọlé.

"Wọlé, o ṣeun! Mo ti pe màmá mi, mo sọ fún wọn pé o jà fún mi débi pé wọ́n fi ọ́ wọ́ ẹrẹ̀. Wọ́n ń gbàdúrà fún ọ."

Àdúrà náà gún un bí ẹ̀gún. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, Caleb jókòó sórí òkúta láàárín ọlọ́pàá méjì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Kò wo Olúwọlé. Ìyàwó tuntun kan tó wà lábẹ́ igi òdòdó lọ́ọ̀ọ́kán ló ń wò, oníkámẹ́rà mìíràn ló sì ń yà á.

"Èmi ni wọ́n bá ṣàdéhùn," Caleb sọ, kò darí ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. "Àbúrò ìyàwó yẹn, èmi náà ni mo ya ti tirẹ̀. Wọ́n rí mi nígbà tí wọ́n ń gbé mi lọ ni wọ́n fi lọ bá ẹlòmíràn."

Olúwọlé yí ojú sí ibòmíràn. Ibi tó yí i sí gan-an ló ti rí àga náà.

Àga Tonton ni, lábẹ́ igi Tonton, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn. Agbádá funfun ṣù sórí rẹ̀. Fìlà wà lókè. Ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò mira.

"Alhaji Àdìgún ti dé," Fàdílátù sọ jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti ń retí rẹ. Lọ kí wọn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Olúwọlé rẹ́rìn-ín. Àfi bíi pé iná tàn nínú orí rẹ̀. Obìnrin yìí gbọ́n lóòótọ́, àmọ́ ọgbọ́n rẹ̀ kò tó ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́! Pańpẹ́ rèé! Ó fẹ́ kóun fara kanlẹ̀ níwájú rọ́bà kó lè sọ pé àyà òun ló kan ilẹ̀. Àlá ló ń lá o!

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Ó gbé àyà síwájú. Ó rìn lọ bí ọmọ gómìnà títí ó fi dé ẹ̀yìn àga, ó yọ ọwọ́ kan, ó ká ìka, ó sì kan orí náà lórí fìlà: kó, kó, kó.

"Ẹ̀yin mà," ó kígbe, "ẹ ò lè fi rọ́bà yìí mú mi lẹ́ẹ̀kejì!"

Orí náà yíjú padà.

"Olúwọlé," ni ó wí, "ṣé orí mi lò ń kàn bí ilẹ̀kùn?"

Kò sí ẹni tó tì í. Ẹ bá mi jẹ́rìí sí i, afẹ́fẹ́ gan-an kò fẹ́. Ilẹ̀ ni Olúwọlé bá ara rẹ̀, gbalaja, àyà, ikùn, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ koríko. "Ẹ má bínú sà! Ẹ má bínú! Mo rò pé ẹ̀yin kọ́ ni! Mo rò pé ère yẹn ni!"

Fàdílátù ti dúró lẹ́bàá rẹ̀, láìwọ bàtà.

"Dìde ká rí ọ. Ẹ wo àyà rẹ̀, ẹ wo ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn. Ọgbà kan náà, koríko kan náà, ojú ibi kan náà ló kàn án. Ìṣubú tí mo ń wá rèé. Yorùbá nìkan ló ń ṣubú báyìí, a kì í sì í pè é ní ìṣubú." Ó na ìka sí i. "O ní o ò rí Tonton rí láyé rẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, lo wí. Ẹ̀ẹ̀kìíní dà?"

Àpèkẹ́ alágbọn dáwọ́ àdá dúró lófuurufú.

Olúwọlé sọ ọ́. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní òun ń rìn kiri, òun ń wá ẹni tóun máa bá sọ Faransé, oòrùn ń kọ sí òun lójú. Òun rí agbádá funfun lẹ́yìn igi, òun rò pé Alhaji ni, òun kò sì sọ fún Alhaji pé àwọn ń jáde. Nílé wọn, bàbá òun kò fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wo ojú àgbà kó tó dọ̀bálẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wojú kó tó kí, ó ń díwọ̀n ẹni náà ni. Òun dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin koríko.

"Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Mo ní inú ló ń bí wọn. Mo kí wọn kú ìrọ̀lẹ́. Mo kí wọn kú ìsinmi. Mo kí wọn kú ọ̀wọ́n epo. Mo béèrè àwọn ìyàwó, mo béèrè ọjà. Mi ò lè dìde, wọn ò tíì ní kí n dìde." Ó fa koríko kan tu. "Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Caleb ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn igi. Ó ní, 'Arákùnrin, tó o bá dúró kí ìyẹn dáhùn, wọ́n á ti ọgbà mọ́ ọ.' Ó na ọwọ́ sí mi, ó fẹ́ fà mí dìde. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, mo sá. Nígbà tí Priscilla bi mí, mi ò lè sọ pé mo dọ̀bálẹ̀ fún rọ́bà. Orúkọ Caleb ló wá sí mi lẹ́nu, nítorí òun nìkan ló rí mi."

Fàdílátù fa agbádá Tonton yọ nínú ọ̀rá. Àná ni wọ́n gbé àpótí náà dé láti ilé Caleb ní Zanguéra, òwúrọ̀ yìí ni wọ́n sì ṣí i. "Àwọn ọmọ mi rí góòlù, wọ́n pariwo, wọn ò wo ibi tó wà. Ìṣẹ́tí agbádá ló wà, nísàlẹ̀ pátápátá, ìkọ́ rẹ̀ tó bàjẹ́ ti kọ́ òwú tó ń tú, koríko gbígbẹ sì wé mọ́ ọn. Olè wo ló ń jí góòlù tó wá so ó mọ́ etí aṣọ pẹ̀lú koríko? Ìwọ dọ̀bálẹ̀, ó yọ́ bọ́ lápò àyà rẹ sẹ́sẹ̀ Tonton. Caleb ká aṣọ, ó kó o sápótí, ó lọ sílé. Kò mọ nǹkan kan." Ó yíjú sí àwọn ọlọ́pàá. "Ẹ ṣí ọwọ́ rẹ̀. Olúwọlé, ẹjọ́ irọ́ pípa mọ́ni ń dúró dè ọ́ lágọ̀ọ́ o, má rò pé ó tán."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó sì ti ń bà á lẹ́rù látọjọ́ yìí nìyẹn, ẹ̀rín. Ìbá rọ̀ ọ́ lọ́rùn bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín.

Alhaji Àdìgún tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Bàbá rẹ á rẹ́rìn-ín sí ti rọ́bà," ó wí. "Èmi náà á rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ kan. Ìyókù ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e dé etí rẹ̀."

Priscilla gba ṣéènì rẹ̀. Kò bú u. Ó kàn mú fóònù jáde, ó wò ó, ó sì ní: "Màá tún pe màmá mi. Àdúrà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a dúró."

Olúwọlé yíjú sí Caleb, ó sì ti ń tẹ orúnkún, ṣùgbọ́n Caleb mú un lápá, ó gbé e dúró.

"Rárá. Ìyẹn ti tó. Nílẹ̀ tó o wà yẹn, ta ni á gbọ́ ọ? Gbogbo èèyàn tó wà nínú ọgbà yìí ló rí mi nígbà tí wọ́n so mí lọ́wọ́. Máa bọ̀."

Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ṣe rìn kiri inú ọgbà ìgbafẹ́ nígbà kejì. Wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó tuntun. Gbogbo Faransé tó ti kọ́ sá, ẹyọ gbólóhùn kan ló kù, ó sì sọ ọ́: "C'est moi qui ai menti. Caleb n'a rien volé." Pé òun ló purọ́, Caleb kò jí nǹkan kan. Ọkọ ìyàwó wo bàtà rẹ̀. Ìyàwó wo Caleb, ó sì bo ẹnu. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ agbálẹ̀, ó sọ ọ́. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta áásìkiriìmù, ó sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi í ní èdè Mina tí wọ́n ń sọ ní Lomé bóyá ó mu nǹkan ni.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Àpèkẹ́ alágbọn, tó jẹ́rìí sí ohun tí kò yé e. Olúwọlé sọ ọ́ ní Yorùbá, jẹ́jẹ́, kó má bàa jìnnà.

Àpèkẹ́ fi àdá lélẹ̀. Ojú ti òun náà, ó sì sọ ọ́ di ìbínú. "Sọ ọ́ sókè! Àbúrò mi tó wà lódì kejì yẹn ò gbọ́, èmi àti òun la jọ sọ fún gbogbo ẹni tó ra àgbọn pé olè ni."

Olúwọlé mí kanlẹ̀. Ó kígbe rẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró, wọ́n sì yíjú sí i.

Caleb dúró títí ariwo náà fi rọlẹ̀. Ó wá na ìka síwájú.

"Ó ku àwọn ẹnu géètì," ó wí, ó sì ṣáájú.